Igbá Tó Bá Ti Jáde Kì Í Wọlé Lófo

Ilé wa, lẹ́yìn Pẹ́dírò,
Ṣómólú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí, kí o sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, torí lẹ́tà yìí gùn. Bébà tí mo fi kọ ọ́, ìgékù káléńdà ni. Ọ̀gá mi ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní kí n lọ dà á nù, mo ní bébà tó funfun báyìí kò ṣeé dànù nígbà tí mo ṣì ní ọmọ tí mo fẹ́ bá wí. Bí o bá yí i sẹ́yìn, o máa rí ìlàjì ojú ọ̀gbẹ́ni kan tó ń rẹ́rìn-ín. Má wò ó. Èmi ni kí o gbọ́.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀, ó ti padà síwájú ilé, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jiyàn bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè gbá. Èmi náà ń jẹun, mo ń sùn, mo ń ká ìwé ní ìsọ̀, mo ń gán an. Kò sóhun tó ń ṣe mí, àfi ọ̀rọ̀ tìrẹ.

O máa ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ náà kúkú mọ̀. Bí mo bá fi fóònù gbà ọ́ nímọ̀ràn, ohùn ìyá mi ni n óò fi sọ ọ́, ìwọ náà á fi ohùn tèmi dá mi lóhùn, ẹ̀rín á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, owó fóònù á sì tán. Bébà kì í sín ènìyàn jẹ. Bí mo bá ṣe kọ ọ́ náà ló máa bá ọ. Awakọ̀ tó ń kó gàrí wá sí Onípánù láti ọ̀dọ̀ yín ni n óò fi rán. Mo ti sọ fún un pé bí ó bá já a wò, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi sínú àpò àyà.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. O ní àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìdí-Ẹ̀mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èésú, kí olúkúlùkù lè fi ra agbada tirẹ̀, kí wọ́n sì yé yan gàrí fún alágbàtà tó ni agbada, tó ni igi ìdáná, tó sì tún ń dárúkọ iye tó máa rà á. Inú mi dùn bí mo ti ń gbọ́ ọ. O ní ìwọ ni wọ́n ní kí o máa pe ọwọ́, kí o máa sọ ẹni tó kàn, torí pé ìyàwó àlejò ni ọ́, o kò ní iyèkan tí o máa ṣègbè fún lábúlé náà. Inú mi tún dùn. O ní gbogbo wọn ti fẹnu kò pé Ìyá Rónkẹ́ ni kó kọ́kọ́ kó, nítorí opó ni, kò sì ní ìkòkò kan tó jẹ́ tirẹ̀. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni o ní ìyá ọkọ rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, ó ní, “Ìyàwó mi ni yóò máa pè. Orúkọ mi ni kó kọ́kọ́ pè.”

O sín in jẹ fún mi, bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn nínú kànga. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Ìgbà tí mo ń nu ojú lọ́wọ́ ni o wá sọ ọ́ bí ẹni sọ eré, pé tó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, o máa wé aṣọ mọ́ ọrùn, o máa ní ohùn rẹ há, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò pè.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ ilé tí ọgbọ́n yẹn ti jáde.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí n kò sọ fún ọ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n.

O mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà. Kíláàsì kẹta ni mo ti dúró ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kì í ṣe pé orí mi kú o. Ẹnu mi ló yá ju orí lọ. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mo fi ohùn ọ̀gá ilé-ìwé pàṣẹ pé òjò ń ṣú bọ̀, kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Ilé-ìwé tú pátá. Òjò kan ò rọ̀. Àwọn tíṣà méjì pàápàá ti dé ọ̀nà Bàrígà kí wọ́n tó bi ara wọn pé ta ló rí ọ̀gá. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi. Èmi ń sín ẹkún rẹ̀ jẹ fún àwọn ọmọ ilé lẹ́yìn odi. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ilé wa yìí náà ni à ń gbé nígbà náà, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, balùwẹ̀ onípáànù lẹ́yìn. Àwọn ìyá ilé náà ní èésú kan. Ìyá Onírù ni olórí wọn, obìnrin Òkè-Ògùn tó ń ta irú ní Bàrígà, tí òórùn irú máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ èésú, tí wọ́n bá kírun tán, tí wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, Ìyá Onírù á jáde sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á wú ikọ́ díẹ̀. Á wá fi ohùn tó ki bí ẹ̀kọ tútù pe orúkọ ẹni tó kàn, á ní kó gbé igbá síta. Ẹni tó pè á gbé igbá ọlọ́mọrí síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ á ju tirẹ̀ sí i lójú gbogbo ilé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, onígbá á gbé e wọlé. Owó ẹnikẹ́ni kì í sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Igbá tó bá ti jáde kì í wọlé lófo. Ẹni tí Ìyá Onírù bá ti pè, òun náà ló kàn, ì báà ṣe pé oorun ojú rẹ̀ ló fi ṣì í pè.

Mo ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo gbọ́ ohùn náà títí ó fi wọ̀ mí lára bí aṣọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ èésú kan, mo kó sínú balùwẹ̀ kí Ìyá Onírù tó jáde, mo wú ikọ́ rẹ̀, mo ní:

“Ìyá Délé o. Ọwọ́ ti kàn ọ́. Gbé igbá síta.”

Ìyá Délé ni mo mú nítorí pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń tà lórí àtẹ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ rí i kó fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè rí i sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Kò fò. Mo fojú mọ́ ihò páànù, mo rí i tó gbé igbá jáde. Kò ní ọmọrí, àwo ló fi dé e. Ó gbé e kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó ní, “Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ṣé. Ìyá tó bí mi á ní agbada, á yan gàrí tara rẹ̀ kó tó kú.”

Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ohùn tó wà ní Ṣómólú nígbà náà ni mo lè sín jẹ, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe. Èyí tí Ìyá Délé fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, títí di òní n kò rí i ṣe. Ó ń gbọ̀n. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò ṣeé ṣe.

Bí Ìyá Onírù ti ń jáde bọ̀ láti pe Ìyá Súlè nìyẹn. Ìyá Súlè ló kàn ní tòótọ́. Ó ń ta àwo, ó sì ti bá onílé kan sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Onípánù, èésú yẹn ló fẹ́ fi gbà á. Ìyá Onírù la ẹnu, ó rí igbá, ó pa ẹnu dé. Gbogbo obìnrin ilé ti dúró. Ó bi wọ́n pé ta ló pe Ìyá Délé. Wọ́n ní òun ni. Ó ní ṣé ohùn òun ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni, àti ikọ́ yín.

Ó wá yíjú sí balùwẹ̀. Páànù náà kò dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń hàn lábẹ́ rẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan jẹ́ tèmi, ìkejì jẹ́ ti bàbá mi, torí ìkánjú. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó wo Ìyá Délé tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sọ pé irọ́ ni. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ owó tirẹ̀, ó jù ú sínú igbá.

“Ohùn mi ló pè é,” ni ó wí. “Igbá tó bá ti jáde kì í wọlé lófo.”

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Súlè. Ìyá Súlè pòṣé, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀mí àìrí ti ń pe ọwọ́ ní ilé yìí, ṣùgbọ́n òun náà wá, ó ju tirẹ̀ sí i. Agbára tó fi jù ú sí i, díẹ̀ ló kù kí àwo tó dé igbá fọ́.

Lọ́jọ́ náà ni Ìyá Onírù fi etí mi fà mí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Súlè pé kí n bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò gbójú sókè kúrò nídìí àwo tó ń tò. Ó ní, “Ohùn ìyá rẹ nìyẹn. Ṣé òun ló ṣẹ̀ mí?” Mo tún un ṣe. Ó ní, “Ìyẹn ti ìyàwó àlùfáà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọmọ náà wá.” Mo gbé ọ̀nà ọ̀fun mi yẹ̀wò, mo wá a títí, n kò rí ohùn kankan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú mi, Ìyá Súlè sì ní ká máa lọ, òun ti gbọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Onípánù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Abẹ́ agboòrùn ni Ìyá Súlè ti ta àwo ní gbogbo ìgbà òjò yẹn. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń rí i tó ń nu omi lórí àwo kí oníbàárà tó dé. Ó padà rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, Ọlọ́run ṣeun, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òjò tó ti pa á ti pa á. Títí di òní, bí mo bá lọ ra àwo níbẹ̀, ó máa ń ní, “Ta ló wá lónìí?”

Ìyà tí Ìyá Onírù wá fi jẹ mí ni pé èmi ni n óò máa pe ọwọ́ fún òun títí èésú yẹn yóò fi parí, lójú gbogbo ilé, kì í ṣe láti balùwẹ̀. Òun á sọ orúkọ sí mi létí, èmi á pè é. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu mi, òun á fi irú pa mí lójú. Ní ìpè àkọ́kọ́, ohun tó jáde lọ́nà ọ̀fun mi dà bí ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo pè gbé igbá síta. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé ohùn ta nìyẹn.

Ó dáa. Mo ti sọ tèmi. Wàyí o, gbọ́ tìrẹ.

Èkíní, má purọ́ ohùn híhá. Àbẹ̀kẹ́, má ṣe é. Àwọn obìnrin tó ti fi ojoojúmọ́ ayé wọn yan gàrí ẹlòmíràn ló ní kí o pe orúkọ wọn. Kò sóhun tó le nínú iṣẹ́ náà ju kí o la ẹnu lọ. Bí o bá wé aṣọ mọ́ ọrùn, ẹlòmíràn á pè, ẹni tí wọ́n bá sì bẹ̀rù jù ni yóò kọ́kọ́ pè, alágbàtà á sì máa rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀nà méjì ló wà tí ènìyàn fi ń fi ohùn ṣe ìkà. Mo ṣe ọ̀kan, mo fi ohùn tí kì í ṣe tèmi sọ ohun tí kò yẹ. Èkejì ni kí ènìyàn gbé ohùn tirẹ̀ pamọ́ nígbà tó yẹ kó sọ ọ́. N kò fẹ́ kí o wá fi ìyẹn kún tèmi.

Èkejì, ìyá ọkọ rẹ. Fara balẹ̀ ka ibí yìí, kí o tún un kà.

Má rò pé ojúkòkòrò ló ń dà á láàmú. Ìwọ náà lo sọ ọ́ fún mi láìfura, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìdí-Ẹ̀mi, pé alájọ kan ti kó owó àwọn obìnrin ibẹ̀ sá lọ rí nígbà tí ọkọ rẹ ṣì wà lọ́mọdé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn á fò. Ẹni tó ń jà pé òun ni kí òun kọ́kọ́ kó, ẹ̀rù ló ń bà á pé kò ní kù nígbà tó bá kàn án. Mo kọ́ èyí lára Ìyá Súlè. Ìgbà tó pòṣé tó ju tirẹ̀ sínú igbá, mo rò pé ìbínú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé rárá, pé òun ń wo igbá yẹn ni, òun ń wo bí gbogbo wọn ṣe ń jù ú sí i fún ẹni tí kò tọ́ sí, òun sì sọ lọ́kàn òun pé ilé tó lè ṣe báyìí fún àṣìpè, kò lè jẹ tòun mọ́ òun lọ́wọ́.

Nítorí náà, lọ bá ìyá ọkọ rẹ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Má mú ọkọ rẹ dání. Ọ̀rọ̀ obìnrin méjì ni, bí ọkùnrin bá dá sí i, yóò di ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, ìwọ á sì di àlejò nínú rẹ̀. Má ra ẹ̀bùn lọ, kó má lọ rò pé o fẹ́ fi dí òun lẹ́nu. Lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, mú ọ̀bẹ, bá a bẹ́ ẹ. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kì í tètè bínú. Bí o bá ti bẹ́ ẹ dé àárín agbọ̀n, sọ fún un pé wọn kò ní kó owó pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ṣàlàyé igbá ilé wa fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a náà ni onínǹkan á gbé e lọ. Alájọ tó fẹ́ sá, kí ló fẹ́ gbé sá?

Lẹ́yìn ìyẹn, wí fún un báyìí: “Ìyá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ kẹ́ ẹ kó kẹ́yìn, kí èmi sì wà níwájú yín tààrà. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé wọ́n ti jẹ yín rí. Bí ẹ̀yin bá lè dúró dé ìparí, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀.”

Má fi oyin lá a ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, òótọ́ kò sì nílò ṣúgà. Ìyá Onírù fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Ó ní olórí tó bá kọ́kọ́ bu ọbẹ̀, kó má béèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi ń wo ìkòkò.

O máa ní, bí ó bá wá kọ̀ ńkọ́? Ó lè kọ̀ o. N kò ní fi ìmọ̀ràn tàn ọ́. Bí ó bá kọ̀, má bá a jà, má dá a lóhùn, máa bẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ lọ títí agbọ̀n fi kún. Tó bá wá di ọjọ́ ọjà, Ìyá Rónkẹ́ ni kí o pè. Kí o padà wálé, kí o kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ kí o tó bọ́ gèlè. Ó lè di ẹnu sí ọ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Obìnrin tó ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó ṣe òtítọ́, ìrọ̀lẹ́ kan ń bọ̀ tí yóò fi í yangàn fún aládùúgbò.

Ó tún ku àwọn kéékèèké. Kọ́kọ́ ju tìrẹ sí i kí o tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tuntun tó ní kí àwọn ìyá mú owó wá, tí tirẹ̀ kò tíì jáde, ẹ̀gbin ló ń wá. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́ iye tí o kó lẹ́nu ará ìta. Ìwọ ni kí o sọ fún un, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe ní gbólóhùn kan náà, kí àyè má ṣí sílẹ̀ láàárín. Ọmọlúàbí ni Wàsíù, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá rí owó tí kò ní iṣẹ́, kíá ló máa bá a wá iṣẹ́.

Nígbà tó bá wá kàn ọ́, rántí ìyá rẹ. Èésú tí mo kọ́kọ́ kó láyé mi, nígbà tí mo ti di ọmọge, rédíò ńlá ni mo fi rà. Ó ga ju àga lọ. Iná ìjọba kì í sí, n kò sì lówó bátìrì. Mo wá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tó dákẹ́, èmi ni mo ń sọ ìròyìn, tí mo ń kọrin àárín rẹ̀, tí mo sì ń polówó ọṣẹ. Àwọn ará ilé ń wá gbọ́ ọ. Bàbá rẹ wà nínú wọn, ibẹ̀ ló ti rí mi, nítorí náà n kò lè sọ pé owó náà ṣòfò pátápátá. Ṣùgbọ́n ìwọ ti ní ọkọ. Ra ohun tó ń bí nǹkan.

Ìkẹ́yìn, tàbí ẹyọ kan ṣáájú ìkẹ́yìn, mo ti sọ òǹkà nù. Má sín ẹnikẹ́ni jẹ ní Ìdí-Ẹ̀mi. Mo mọ̀ pé yóò máa yún ọ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ni. Abúlé kò fẹ̀ tó Ṣómólú. Níbí, bí o bá sín ènìyàn jẹ ní Pẹ́dírò, ó lè má gbọ́ ọ títí yóò fi kó lọ. Lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí o tó pa ẹnu dé. Bí kò bá ṣeé mú mọ́ra, sín ewúrẹ́ jẹ. Ewúrẹ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Èmi náà pe orúkọ rẹ nínú àdúrà láàárọ̀ yìí, mo sì ní kí Ọlọ́run fi sùúrù sí ọ lọ́kàn àti ọ̀rọ̀ tútù sí ọ lẹ́nu. Àwọn ìyá ilé kí ọ, wọ́n ní kí o má gbàgbé gàrí wọn. Ìyá Súlè ní bí àwọn obìnrin yín bá ní agbada tán, wọn ó nílò àwo tí wọn ó fi máa wọ̀n ọ́n, kí o sọ fún wọn pé òun wà ní Onípánù.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń pe ọwọ́ ní ilé wa báyìí, láti ìgbà tí Ìyá Onírù ti padà sí Òkè-Ògùn lọ sinmi. Mo ṣírò rẹ̀, ọjọ́ ọjà yín àti ọjọ́ èésú wa papọ̀. Bí mo bá ti kírun tán, n óò jáde sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò pe ẹni tó kàn ní Ṣómólú. Ìwọ náà á dúró níwájú àwọn obìnrin yẹn, lábẹ́ igi ẹ̀mi, pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ láàárín wọn. Pe Ìyá Rónkẹ́. Má fi ohùn mi pè é. Má fi ohùn ìyá ọkọ rẹ pè é. Tìrẹ ni kí o fi pè é.

Bí ó bá gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n. Nínú gbogbo ohùn tí mo ti gbọ́ láyé, èyí tó ń gbọ̀n nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè sín jẹ.

Èmi ni,
Ràmọ́tà ìyá rẹ, ẹni tó kọ èyí fúnra rẹ̀, láìsí ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ̀.